Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Mọ́tò Oyèlàkin

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ni Oyèlàkin ọmọ mi kú. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹrí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ eérú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó sórí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ti gé irun rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú páànù ibi iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí òjìji lábẹ́ ohunkóhun.

Iṣẹ́ tí Làkin ń ṣe kò sí nígbà tiwa. Mọ́tò òde òní ní ọpọlọ. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, onírin, tí wáyà wọ inú rẹ̀ bí iṣan. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí epo tí yóò mu ṣe máa pọ̀ tó, àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Làkin a máa so kọ̀ǹpútà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ sítíárì, a sì tún ohun tí wọ́n kọ sínú ọpọlọ náà kọ, kí mọ́tò lè lágbára ju bí wọ́n ṣe rán an wá láti òkè òkun. Èmi wa mọ́tò iléeṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń sọ fún un pé nígbà tiwa, mọ́tò kò ní ọpọlọ, awakọ̀ ló ní in. Á ní, "Bàbá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ tì í lórí òkè."

Ẹni tó bá a kọ pátákó ẹnu ọ̀nà kọ ọ́ báyìí: A N TUN OPOLO OKO SE. Kò fi àmì kankan sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọpọlọ ọkọ̀ á kà á bẹ́ẹ̀. Èmi ka ọ̀pọ̀lọ́ oko. Mo sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dúró pé n kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ oko ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà náà, n kì í kí i lọ́nà mìíràn. Bí mo bá ti dé, mo máa ń ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ oko ńkọ́?" Òun náà á dáhùn láti abẹ́ mọ́tò pé, "Ó wà o, Bàbá. Ó ń jẹ kòkòrò."

Mo bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Mo ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ oko ńkọ́?"

Ọ̀pọ̀lọ́ ló dáhùn. "Mo wà o," ó ní. "Ẹ̀yin náà lẹ kúkú pè mí."

Làkin kò yí ojú padà. Ó ní, "Oníbàárà, ẹ jókòó. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo ní, "Èmi ni bàbá rẹ."

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá gbé mọ́tò wá ni bàbá mi. Ẹ jókòó, Bàbá."

Mo jókòó sórí táyà kan. Mo mọ ohun tí mo bá wá. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ní ìdílé wa, bàbá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han ẹni tó bí i, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ sọ. Èmi fúnra mi ti bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá mìíràn, mo sì gbà pé ó dára. Rájí, ọ̀rẹ́ Làkin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ló gbé e sẹ́yìn mọ́tò aláwọ̀ eérú yìí kan náà, ó sì gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́, ó ti fọ mọ́tò náà, títí kan inú ihò táyà, kí n má baà mọ irú ilẹ̀ tí ó tẹ̀. Mo bi í. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá mi. "Bàbá, ẹ bú mi, mo gbà," ó ní. "Ẹ gbá mi létí, mo gbà. Ẹ má bi mí." N kò bi í mọ́.

Rédíétọ̀ mọ́tò náà ń jò. Omi kán sílẹ̀, rédíétọ̀ sì sọ pé, "Omi ló dà nù." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó wá kí wa ṣe ń sọ. Mo dúró kí ó parí rẹ̀, kí ó sọ pé agbè kò fọ́. Kò sọ ọ́. Ó ń jò lọ.

Ògiri ibi iṣẹ́ náà ti di ògiri pálọ̀ mi. N kò rí ìgbà tó yí padà. Mọ́tò dúró láàárín pálọ̀, táyà rẹ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn àga tí a yá nítorí àwọn tó ń wá kí wa sì tò yí i ká. Ọpọlọ mọ́tò ló jókòó lórí àga kọ̀ọ̀kan. Àwọn ògbólógbòó tí Làkin ti yọ nínú mọ́tò àwọn ènìyàn ni. Wáyà wọn rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò kan ilẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ọ̀fọ̀ nígbà tí onílé bá ti wọ yàrá.

Ọ̀kan ní, "Bí a bá ti kọjá afárá, ẹ yà sọ́tùn-ún. Kòtò wà lọ́wọ́ òsì."

Èkejì ní, "Ọ̀gá tèmi kì í tẹ bíréèkì, àfi bí ìyàwó rẹ̀ bá pariwo."

Ẹ̀kẹta ní, "Tèmi máa ń sunkún bí ó bá dá nìkan wà. Ní jíà kẹta ló máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀pọ̀lọ́ fò láti orí ẹ́ńjìnnì bọ́ sórí orúnkún mi. Ó tutù, ó sì wúwo ju bó ṣe rí lọ. Ó ní, "Ọpọlọ kì í gbàgbé ọ̀nà tó bá gbà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọ."

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

Ó ní, "Èmi ni mo wà nínú mọ́tò yìí. Èmi ni mo gbé e lọ, èmi ni mo padà. Rájí lè fọ táyà. Kò lè fọ èmi."

Mo wo mọ́tò náà. Mo wá mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí mo tún lè bi. Ó mọ ibẹ̀, kò sì jẹ́ ọmọ ìdílé wa, èèwọ̀ wa kò dè é.

Nígbà náà ni Làkin gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó gbé e sórí apá rẹ̀ òsì bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn. Kò tíì wojú mi. Ó ní, "Oníbàárà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe fún un?"

Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa kíkọ tuntun. Ó ní òun lè fọ gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ náà dànù, kí òun sì kọ òmíràn síbẹ̀. Á lágbára. Ìdènà tí wọ́n fi sí eré rẹ̀ á kúrò. Bí mo bá fẹsẹ̀ kàn án lásán, ọ̀nà á máa wọ abẹ́ rẹ̀ lọ bí aṣọ tí wọ́n ń ká.

Mo ní, "Ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀ẹ́ kọ́ ọ ní tuntun."

Mo ní rárá. Ọ̀pọ̀lọ́ mí lórí orúnkún mi.

Ó wá mú ohun kejì jáde nínú àpò. Àpótí kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní àárín ọpọlọ àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń so ó sí. Kì í fọwọ́ kan ohun tí ọpọlọ mọ̀. Irọ́ ló ń pa fún un. Bí atẹ́gùn bá gbóná, á sọ fún un pé ó tutù. Ọpọlọ á gbà á gbọ́, á da epo sí i, mọ́tò á sì máa fò. Ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kì í ba nǹkan jẹ́, ọjọ́ tí ènìyàn bá sì fẹ́ ló lè yọ ọ́.

Mo ní, "Mọ́tò ò ní mọ̀?"

Ó ní, "Ta ló máa sọ fún un? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó so wáyà àpótí náà mọ́ ọrùn ọwọ́ mi.

Ara mi tutù. Ọyẹ́ dé sínú pálọ̀, ètè mi gbẹ. Fóònù mi dún, orúkọ Làkin sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti kúrò ní Ìlọrin. Ẹ sọ fún Màámi kí wọ́n má fi ẹran mi fún ẹnikẹ́ni o. Mo mọ iye tó wà níbẹ̀." Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń to abọ́ ní ilé ìdáná, mo sì gbọ́ pé abọ́ mẹ́ta ni. Ó ń kọrin, orin tí ó ti pa tì. N kò wá sàréè kankan, nítorí kò sí sàréè. Mo fẹ̀yìn ti àga. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Koríko hù lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ga, ó gbẹ, òmíràn hù. Fóònù ṣì wà létí mi, Làkin ṣì ń bọ̀ láti Ìlọrin. Ó ní òun ti dé ibi igi máńgòrò. Ó ní òun ti rí páànù ilé.

Mo fẹ́ fọwọ́ nu ojú mi. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹ̀wù mi ti rin gbingbin fún òógùn. Ara mi ń sọ pé ọyẹ́ ni, ẹ̀wù mi ń sọ pé ooru ni. Mo wo ẹ̀wù náà títí. Ìyá Làkin ló fọ ọ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ fún wa. Ẹ̀wù kò kàwé, kò sì mọ irọ́ pa.

Mo sọ sínú fóònù pé, "Máa bọ̀." Mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà náà.

Ooru padà. Fóònù dákẹ́. Ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ dá abọ́ kan padà sí ibi tó ti mú un.

Làkin ń ká wáyà rẹ̀. Ó ní, "Kò yẹ yín?"

Mo ní, "Ó yẹ mí. N kò fẹ́ ẹ ni."

Ó ní ẹ̀kẹta ni pé kí òun yọ ọpọlọ náà pátápátá, kí òun fi ti mọ́tò ẹlòmíràn sí i. Ó nawọ́ sí àwọn tó jókòó lórí àga. Gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ wọn sókè díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn. Ó ní ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́, kìkì pé á máa rò pé òun jẹ́ ti ẹlòmíràn, á sì máa yà sí àdúgbò tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó ní, "Kò ní sáré o."

Mo ní, "Kò sí ibi tí mò ń sáré lọ."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ó yí ojú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kò wú mọ́ bí àìsàn kíndìnrín tó pa á ṣe mú un wú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti rù."

Mo ní oúnjẹ wà nílé.

Ó tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì pa, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo fẹ́ wọ ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe bí ó bá gbé mi jáde. Ó fi ọwọ́ dí i. Ó ní, "Ẹ jókòó síwájú lónìí. Èmi ni mo ni ẹ̀yìn."

Mo jókòó síwájú, lọ́wọ́ ibi tí kò ti sí sítíárì. Ọ̀pọ̀lọ́ wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Mọ́tò ṣáná fúnra rẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé pálọ̀ jáde sí títì.

Kò sí ẹni tó wà ní àyè awakọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ iná. Ẹsẹ̀ Làkin ni. Á tẹ̀ ẹ́, á sì gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kí jíà tó wọlé, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́. Ó yà fún kòtò kan tí wọ́n ti dí láti ọdún tó kọjá. Ó dẹwọ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Ní oríta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀pà, obìnrin náà sì nawọ́ ẹ̀pà wọlé láìwo ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kí bàbá yín." Mo gbà á. Ó gbóná.

Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn oríta náà. A gba iwájú rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ sì yí padà.

Ẹsẹ̀ Rájí nìyí. Rájí kì í wa mọ́tò jẹ́jẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, Làkin fúnra rẹ̀ máa ń pè é ní Ẹ-gbà-mí-o. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń rọra lọ bí ẹni tó ru omi kún. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà kò dára, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á kọ́kọ́ sọ táyà kan kalẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ èkejì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà fi orí gbá nǹkan. Gbogbo ọ̀nà náà ló lọ bẹ́ẹ̀. Mo di ẹ̀pà mú. N kò wo ẹ̀yìn. Ẹnìkan ń mí níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ìjókòó ló ń dún.

Ọ̀dà títì tán. Ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Igi káṣú wà lọ́tùn-ún àti lósì, èso wọn kọ́ sórí, wọn kò sì rùn. Mọ́tò yà sí abẹ́ ọ̀kan, ó sì pa iná ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni. Òkìtì ilẹ̀ kékeré ni, ó ti ń wọlẹ̀. Wọ́n kò kọ orúkọ sí i. Pátákó ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró sí ibi orí: A N TUN OPOLO OKO SE. Mo bọ́ bàtà mi. Mo wo ibẹ̀ dáadáa, kí n lè mọ̀ ọ́n. Igi káṣú mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀. Ọ̀nà èèrà.

Ọ̀pọ̀lọ́ jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń ti agolo ọ̀dà kékeré kan bọ̀ níwájú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Àmì kan péré ló tó. Bí ẹ bá fi í sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú OPOLO, èmi lẹ pè. Mà á dúró. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá bèèrè mi, mà á sọ pé mo wà."

Mo ní, "Bí mo bá fi í sórí lẹ́tà ìkẹyìn nínú OKO ńkọ́?"

Ó ní, "Ọkọ̀ nìyẹn. Ọpọlọ ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ń tún un ṣe sì ti kú. Mà á máa lọ."

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo dúró pẹ́ níwájú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń wò mí, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo sọ fún un pé ó ṣeun. Mo sọ fún un pé ó ti bá wa ṣeré dáadáa.

Mo lọ sí ìkẹyìn. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tó le. Ilà kékeré ni. A máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè lọ́wọ́ òsì, a ó sì jẹ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀tún. Mo jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ rọra, Bàbá, ó ń kán."

Mo wẹ̀yìn, mo sì jí.

Ohun tí Oyèlàkin fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí. Kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Wáyà, oríṣiríṣi, ó ká wọn dáadáa. Àpótí kékeré bíi páálí ìṣáná, tí wọn kò tíì lò. Bàtà kan, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ ju ti òsì lọ. Fìlà. Abọ́ rẹ̀. Kò fi ọmọ sílẹ̀. Rájí. Ìyá rẹ̀, àti èmi. Mọ́tò aláwọ̀ eérú, tí a kò tíì gbé jáde láti ìgbà tí wọ́n ti fọ ọ́, tí ilẹ̀ pupa wà nínú ihò táyà rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀pà díẹ̀ lórí ìjókòó iwájú. Pátákó kan tí kò ní àmì kankan nísàlẹ̀, tí ó ní ẹyọ kan lókè, lórí lẹ́tà ìkẹyìn, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.